Ìgò Tí Ọkọ Mi Gbé Lọ Fún Dókítà

Òórùn tàdáà ló máa ń gba gbogbo ilé ọkọ mi àkọ́kọ́, nínú agbo-ilé kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba, nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin. Nítorí pé n kò bímọ, ìyá ọkọ mi pe Àáfáà kan sí mi. Àáfáà á fi tàdáà kọ̀wé sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé hàńtú dúdú náà fún mi mu. Kíkorò rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun títí di alẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni mo ń kẹ́gàn o. Ọkọ mi ni. Ọkùnrin gìrìpá yẹn kò fi ẹnu kan hàńtú ọ̀hún rí, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo ń dá ọmọ bí.

Ìyá rẹ̀ ti búra pé bí ọdún náà bá fi lè parí láìsí oyún, n ó kó ẹrù mi lọ. Nígbà náà ni dókítà òyìnbó kan dé, tó ń wádìí ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn tọkọtaya kan rọ́mọ bí. Ó yẹ̀ mí wò, kò rí àléébù kankan. Ògbufọ̀ rẹ̀ wá kọjú sí ọkọ mi.

“Ó ní kí ẹ gba àtọ̀ yín sínú ìgò yìí. Ó ní òun ní awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí òun yóò fi wò ó bóyá ó wà láàyè.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi kó tó gbà. Àmọ́ kó tó gbé ìgò náà padà, ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Àáfáà. Àáfáà ní ohun tí òyìnbó bá fẹ́ tẹjú mọ́ gbọ́dọ̀ ní ààbò, ló bá bu hàńtú sí i, ó mì ín pọ̀. Ìyá ọkọ mi, tó bá wa lọ, ní, “Àmínì!”

Dókítà wojú awò títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ó ní tàdáà lòun ń rí,” ni ògbufọ̀ wí. “Ó ní kí ẹ lọ mú òmíràn wá, kí ẹ má ṣe da nǹkan kan mọ́ ọn.”

“Ẹ sọ fún un pé èmi kì í ṣe màlúù tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́jà!”

Bí ọkọ mi ṣe jáde nìyẹn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ ní òyìnbó kò rí àléébù kankan lára ọmọ òun. Irọ́ gbuu! Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún. Mo lọ bá Àlùkálí, adájọ́ ẹ̀sìn, fúnra mi, mo ní kó tú wa ká.

Mo dúró pé iye oṣù tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ kí obìnrin tó lè tún lọ́kọ, mo sì fẹ́ àgbẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí mo fi lóyún. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ta ni n ó rí? Ìyá ọkọ mi àtijọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyàwó, o ò ṣe wá dúpẹ́? Ohun tí o mu nílé wa ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.”

Àwọn ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn mi ṣì wà nílé tí wọ́n ń mu ún, kò sí èyí tó bí nínú wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan wà tí ó tẹ́ lọ́rùn kí ilé wọn dá páropáro ju kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wọ́n wò lọ. Wọ́n ní kí n bọ̀wọ̀ fún irú wọn. Mo gbé ọmọ mi sẹ́yìn, mo pòṣé, mo sì bá tèmi lọ.