Nígbà Tí Kèké Mú Bàbá Ìyàwó Mi

Ata ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo jẹ́ àpọ́n ní Ìkìrun. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí obìnrin kan gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kalẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí ẹ̀rọ náà bá ti dún, òórùn ata rodo á gba ojú fèrèsé wọlé, èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín títí n ó fi wẹ̀ tán. Kí n tó dé iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Òkukù, ojú mi á ti pọ́n bíi ti ẹni tó sunkún mọ́jú. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa bi mí bóyá àfẹ́sọ́nà mi ti já mi jù sílẹ̀ ni.

Kò já mi jù sílẹ̀. Aránṣọ ni, Inísà ló ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lẹ́bàá títì tí mọ́tò tí mo ń wọ̀ máa ń gbà kọjá lọ sí Òkukù. Bàbá rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ yòókù ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọmọbìnrin yìí nìkan ló kù sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ ọmọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tí mo ń gbé. Wọ́n wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní. Kí n tó bu omi fún wọn, ẹ̀rọ ata ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sín, wọ́n tún sín, wọ́n yọ áńkáṣífì, wọ́n nu ojú.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ìwà rẹ dára, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ọ rò. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní lọ máa sín nílé ọkọ látàárọ̀ dalẹ́. Wá ilé gidi, kí o tó padà wá bá mi."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti kọ́ àwọn ilé kéékèèké sí ẹ̀yìn ìlú Òṣogbo fún àwọn tí owó wọn ò tó kọ́lé. Ẹni tó bá rí i gbà á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilé á fi di tirẹ̀. Nítorí pé àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju ilé lọ, wọ́n ní gbangba ni àwọn ti máa ṣẹ́ kèké, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú wà níbẹ̀. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkìrun láti forúkọ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa gbàdúrà o, bùrọ̀dá," ó ní. "Ìkìrun, Ìbà, Eko Ende, kò síbi tí wọn ò ti wá bá mi nítorí ilé yìí."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bíi pé wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rín ara mi máa ń pa mí bí mo bá rántí bí mo ṣe ṣe. Mo ti yan àwọ̀ ọ̀dà tí n ó fi kun pálọ̀. Mo lọ dágbére fún obìnrin ẹlẹ́rọ ata, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ná. Mo ní kí àfẹ́sọ́nà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rán kọ́tìnì. Ó bi mí pé fèrèsé ilé náà ti ga tó, mo sì nawọ́ sókè bí ẹni pé èmi ni bíríkìlà tó kọ́ ọ. Èyí tó wá burú jù ni pé mo lọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá wa dé Òṣogbo lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣẹ́ kèké náà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí oríire mi. Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n ní àwọn máa bá wa lọ.

Pápá tí wọ́n ti ṣe é kún dẹ́nu. Àwọn ìyá tó pọnmọ wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn géńdé bíi tèmi náà ò kéré. Wọ́n kó àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára sínú àgbá kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ di ìyá àgbà kan lójú pé kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti mú ọ̀kan, ọkùnrin kan á pe nọ́ńbà náà àti orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè yí nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ṣe ń pọ̀ sí i tí tèmi ò sí níbẹ̀, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àfẹ́sọ́nà mi ò wo ojú mi mọ́.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n pe orúkọ kan tí mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń tàn mí. Nígbà tí n ó fi yíjú padà, Bàbá ti dìde, fìlà wọn ti jábọ́, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ dá rélùwéè dúró.

"Bàbá mi!" ọmọ wọn pariwo. "Ṣé ẹ̀yin náà forúkọ sílẹ̀ ni?"

"Mo fi sílẹ̀ o," wọ́n dáhùn. "Àbí wọ́n ní àgbà ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ni?"

Orúkọ tèmi ò jáde títí tí wọ́n fi gbé àgbá náà kúrò.

Inú bọ́ọ̀sì tí à ń bá bọ̀ ni Bàbá ti la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ní òfin sọ pé ẹni tí kèké bá mú ni kó máa gbé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n má gbé e pẹ̀lú ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀."

Kí n tó lanu, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa ti dáhùn: "Bùrọ̀dá, ẹ gbà kíá! Kí lẹ tún ń rò?" Ni gbogbo ọkọ̀ bá dá sí i.

Kò rọrùn fún mi. Ọkùnrin wo ló máa kó lọ sílé àna rẹ̀ tí wọn ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá tó bí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Ṣé àwa ni kí a wá máa retí ẹrù ìyàwó nígbà náà?" wọ́n ní. Mo pinnu pé n ó lọ sí Inísà lọ sọ fún Bàbá pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n ó wá yàrá mìíràn fúnra mi.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ọmọ wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn nìkan ló wà nílé, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n dá mi dúró.

"Tíṣà, kì í ṣe ata ló lé mi kúrò ní yàrá rẹ lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, ọmọ yìí nìkan ló ń fọhùn nínú ilé yìí. Bó bá lọ, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀? Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ni mo fi ń bá ilé rẹ jà."

Wọ́n yíjú sí rédíò bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Mo sún àga mi mọ́ tiwọn.

"Bàbá," mo ní, "yàrá wo lẹ fẹ́, ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?"

Wọ́n ní ti iwájú, kí àwọn lè máa rí ẹni tó ń bọ̀.

A ṣe ìgbéyàwó, a kó lọ. Kọ́tìnì tí ìyàwó mi rán gùn débi pé ó ń gbálẹ̀ fún wa. Bàbá sọ ilé náà di téṣàn rélùwéè: kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kígbe pé ọkọ̀ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi àti ìyàwó mi á jọ wọ bọ́ọ̀sì, òun á sọ̀ ní Inísà, èmi á máa bá a lọ sí Òkukù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìyàwó Bàbá, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Nígbà tí a bá fi máa padà dé nírọ̀lẹ́, Bàbá á ti se ọbẹ̀ ilá tí ìyàwó mi ò lè se bẹ́ẹ̀ dòní, wọ́n á sì ti di ìròyìn gbogbo àdúgbò kalẹ̀ dè wá.

Ó pẹ́ kí a tó rí ilé tiwa kọ́ sí Ìkìrun, ní apá ọ̀nà Eko Ende. Bàbá ní àwọn ò bá wa lọ, pé ilé tí kèké fún àwọn ò ṣeé fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi sọ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé wa pẹ̀lú báàgì ńlá kan, wọ́n ní àwọn kàn wá wò bóyá ògiri wa dúró dáadáa ni. Ọmọbìnrin tí èmi àti ìyàwó mi bí sí ilé Òṣogbo ló gba báàgì lọ́wọ́ wọn, ó gbé e wọlé. Bàbá ti san owó ilé Òṣogbo tán, ó ti di tiwọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó padà láti ọ̀nà jíjìn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí bóyá ó dùn mí pé orúkọ mi ò jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí nígbà náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ńbà tèmi ni ìyá àgbà yẹn mú, èmi àti ìyàwó mi ìbá kó lọ sí Òṣogbo, à bá fi Bàbá sílẹ̀ ní Inísà, à bá máa lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, à bá sì máa rò pé a ṣe dáadáa.