Maṣíìnì Tí Wọ́n Pè Ní Ti Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹsẹ̀ ni èmi àti bàbá mi fi ń rìn láti Abẹ́òkúta lọ sí oko wa lẹ́bàá Kọ́bapẹ́. Bí a bá padà dé, màmá mi a gbé omi kaná, bàbá mi a ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, kò sì ní yọ wọ́n títí omi náà yóò fi tutù. Ibi tí mo ti ń wo ẹsẹ̀ wíwú yẹn ni mo ti pinnu pé bí mo bá dàgbà, n ó ra maṣíìnì. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń pè é ní ọ̀kadà. Maṣíìnì ni àwa ń pè é, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Prámárì kẹta ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó jẹ́ tèmi. Ní àsìkò tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, ẹ̀gẹ́ tí mo dá gbìn fúnra mi tà dáadáa. Mo lọ bá Alhájì kan tí ó ń ta aṣọ ní àdúgbò wa, tí ó fẹ́ ta maṣíìnì rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ojúgbà mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tuntun ni ó yẹ kí n rà. Wọ́n ra tuntun tiwọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń tì í lójú títì. Èmi kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì láti mọ̀ bóyá ó tutù, nítorí pé oníjìbìtì a ti máa mú un gbóná kí oníbàárà tó dé. Ó tutù. Alhájì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn.

“Ọmọ mi,” ni Alhájì wí, “maṣíìnì yìí kì í yọ èèyàn lẹ́nu, àmọ́ kò fẹ́ràn ọ̀lẹ. Ṣé o máa ń wẹ̀ láràárọ̀?”

“Mo máa ń wẹ̀, Alhájì.”

“Ó dáa. Máa wo ọ́ìlì rẹ̀ kí o tó wẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe. Mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì kí ó tó dúdú, mo ń fi aṣọ funfun sẹ́ bẹntiróòlù kí n tó dà á sí i, mo ń fọ kabúrétọ̀, mo sì ń fi ọ́ìlì kun ṣéènì kí ó má baà gbẹ. Òjò pa wá, oòrùn pa wá, kò dá wa dúró lọ́nà rí. Bàbá mi ń jókòó sẹ́yìn mi lọ sóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́.

Láyé ìgbà náà, àfojúdi ni kí ọmọ ní maṣíìnì nígbà tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo gbé e dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá mi lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n kọ sí ìwé maṣíìnì. Àwọn aládùúgbò ń wá kí i kú oríire, gbogbo wọn sì ń pè é ní maṣíìnì Bàbá. Ìwà ọmọlúàbí ni mo hù, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹbí jókòó láti pín ogún. Àbúrò rẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Bàbá Ìbarà nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń gbé, ọkùnrin tí ẹ kì í rí ní oko, tí ẹ kì í rí ní ilé wa àfi bí wọ́n bá ń pín nǹkan. Ó ní maṣíìnì ẹ̀gbọ́n òun tọ́ sí òun. Màmá mi ní èmi ni mo rà á.

“Ìyàwó wa, ẹ rọra,” ni ó wí. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, lọ́jọ́ tí mo wá kí bàbá ẹ kú oríire, ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, sà.”

“Ta ni mo kí?”

“Bàbá mi ni ẹ kí, sà.”

“Kí ni ìwọ wá sọ?”

“Mo ní ẹ ṣeun, sà.”

“Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ gbọ́? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ ni, ṣé ẹnu ẹ̀ á dákẹ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhájì wá, ó ní èmi ni òun tà á fún. Wọ́n ní kí ó lọ ta aṣọ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ogún kò kan àjèjì. Ọ̀wọ̀ tí mo fún bàbá mi ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi.

Bàbá Ìbarà gbé maṣíìnì lọ. Ẹ wá wo ìtọ́jú. Ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń nù ún bí ẹni pé ó fẹ́ fi ṣe aya, ṣùgbọ́n kò ṣí ibi tí ọ́ìlì wà rí. Ṣéènì gbẹ, ó ń han gooro, a sì ń gbọ́ ọ kí a tó rí i. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀.”

“O ṣì ń jowú? Maṣíìnì bàbá ẹ ò ní kú lọ́wọ́ mi.”

Ó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà Itori ni ẹ́ńjìnì ti gan, tí ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ ti maṣíìnì dé ilé tòun ti agbádá lọ́rùn. Ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, adìẹ sì ń yé ẹyin sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ Bàbá Ìbarà fi ọkọ̀ gbé maṣíìnì náà wá bá mi. Ó ní àwọn ènìyàn tún ti ń wá irú maṣíìnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa jí i. Ọwọ́ yín ló mọ̀.”

“Maṣíìnì ta ni?” ni mo bi í.

“Ti bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní wọ́n jogún ẹ̀ ni.”

Mo ní kí ó gbé e padà fún àwọn adìẹ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin a ra ọ̀kadà, a kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i, bàbá rẹ̀ a sì dúró lẹ́bàá títì kí ó wá gbé òun. Ẹ kò mọ ìtọ́jú; ẹ ń gùn ún títí yóò fi kú, ẹ sì ń ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rà, tiyín ni. Bàbá Ìbarà ti kú, ẹbí ṣì wà. Ọjọ́ tí ẹnìkan nínú wọn bá dìde ní ìpàdé, tí ó sọ lójú gbogbo wọn pé tèmi ni maṣíìnì náà, kí wọ́n gbé e wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n ó wo ọ́ìlì rẹ̀ kí n tó wẹ̀.