Bí A Ṣe Fẹsẹ̀ Gba Ilẹ̀ Onílẹ̀ ní Jàmáíkà

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí Bọ̀dá Kọ́lá, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà, kó àwa márùn-ún lọ wo ilẹ̀ oko ní Jàmáíkà, kí a lè dáwó rà á. Orí fóònù ló ti rí i.

Ọkùnrin tí kò gbin ata rí wọ kóòtù lọ sóko. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò béèrè onílẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ẹsẹ̀ wa bá tẹ̀, tiwa ni. Ẹ jẹ́ ká yí i po lẹ́ẹ̀méje." La bá ń kọrin, à ń da òróró sílẹ̀, à ń tẹ ebè fọ́.

Ní ìyípo kẹta, ìyá arúgbó kan yọ sí wa tòun tàdá. Ó bi wá pé ta ló ta oko òun fún wa. Díákónì ló kọ́kọ́ sá. Bàtà rẹ̀ kan há sínú ebè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run yọ òun lọ́wọ́ àjẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè ṣe àmín. Àwa la tẹ iṣu oníṣu mọ́lẹ̀, àwa náà la tún sọ olóko di àjẹ́.