Orúkọ Tí Dhonda Ò Jẹ́ Pè

Bí ẹ bá bèèrè orúkọ ọkọ Dhonda lọ́wọ́ Dhonda fúnra rẹ̀, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀. Á ní, "Bàbá Ganu." Bí ẹ bá tún yọ ọ́ lẹ́nu, á ní, "Alágbẹ̀dẹ onírùngbọ̀n yẹn." Lẹ́yìn ìyẹn, èébú ló kù. Wọ́n ní ìyàwó tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ ń gé ẹ̀mí ọkọ náà kúrú ni, Dhonda ò sì fẹ́ gé ẹ̀mí alágbẹ̀dẹ rẹ̀ rárá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Vitthal ni alágbẹ̀dẹ ń jẹ́. Vitthal náà sì ni òrìṣà wọn ń jẹ́, èyí tó dúró lórí bíríkì nínú tẹ́ńpìlì, tó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Kò sí orin tí wọ́n ń kọ fún un tí orúkọ yẹn ò sí nínú ẹ̀. Orúkọ gan-an lorin! Wọ́n ní kéèyàn máa pè é títí ẹni tó ń pè àti ẹni tí wọ́n ń pè yóò fi di ọ̀kan.

Dhonda sì lóhùn, háà! Bó bá ń kọrin nídìí ọlọ, àwọn tó ń lọ pọnmi á gbé ìkòkò sílẹ̀. Àmọ́ bó bá ti kan orúkọ, "Ẹni-orí-bíríkì" ni yóò fi dí i, àwọn obìnrin á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, Gajra tó jẹ́ olórí akọrin kò fi bò mọ́. "Ìyá Ganu, ìwọ ni mo fẹ́ kó lé orin lọ́jọ́ ààwẹ̀ Ekadashi. Ṣùgbọ́n bí o bá tún pe Olúwa wa ní Ẹni-orí-bíríkì lójú ẹ̀, Sonabai ni màá gbé e fún."

"Sonabai tóhùn ẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí ò lépo?"

"Òun náà ni. Ó kúkú lè pe orúkọ."

Dhonda délé, kò lè jẹ búrẹ́dì ọkà bàbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Orin yẹn wù ú dọ́kàn. "Bàbá Ganu, kí ló dé tí wọn ò sọ yín ní Maruti tàbí orúkọ mìíràn?"

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ rí i? Mi ò tíì pè é, ẹ ti ń wúkọ́!"

"Pè é, jàre. Bó bá pa mí, wàá kúkú rí orin arò kọ."

"Ẹ panu dé!"

Ọjọ́ pé. Dhonda lé orin, ó dùn débi tí ọmọ ọwọ́ ò sunkún. Ó kan orúkọ. Ó dákẹ́. Kímbálì dúró dè é. Sonabai ti ń ha ọ̀fun. Ni Dhonda bá dijú, ó lọgun: "Vitthal!"

"Hóò!" ni alágbẹ̀dẹ dáhùn láàárín àwọn ọkùnrin.

Ẹ̀rín ya tẹ́ńpìlì. Àlùfáà di ògiri mú.

"Ta ló pè yín? Ẹ jókòó!" Dhonda bá kúkú ń bá orin lọ, ó pè é, ó tún un pè, gbogbo ilé ń gbè é, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń relé, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú o."

"Látìgbà tí ìyá mi ti lọ," ni alágbẹ̀dẹ wí, "kò sẹ́ni tó fi ìfẹ́ pe orúkọ yẹn sí mi létí mọ́. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lo pè."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Dhonda yíjú sí i.

"Òun ni mo kọ́kọ́ pè," ló wá sọ. "Ti àwọn ìpè tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń pè mọ́."