Bí Àwòrán Tubá Ṣe Padà Sára Ògiri

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìyá kan, Tubá Ramsánì, fi ṣa ewé tíì ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Fúmàn. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ló lọ ra kámẹ́rà àlòkù. Nosiráàtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Igi tó yí wa ká látọjọ́ tá a ti dáyé, òun lo tún fẹ́ máa yà? Ṣé ó fẹ́ sá lọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, igi ò ní sá. Ewé ẹ̀ ni ò ní dúró."

Ọdún méjì àkọ́kọ́ kò gbè é. Gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí ló ń kó sínú àwòrán: ẹ̀ka, òkúta, ìtàkùn, ọ̀run, wúruwùru bí ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Díẹ̀díẹ̀ ló mọ ohun tó yẹ kóun fi sílẹ̀. Á dúró de òwúrọ̀ tí kùrukùru bá bo igbó, á wá igi kan ṣoṣo tí ewé rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Bó bá ti tẹ kámẹ́rà, tí ojú rẹ̀ ṣì là, á rọra gbé e sókè bí ẹni ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun nǹkan, kí ewé àti ẹ̀ka lè wọnú ara wọn. Lórí kọ̀ǹpútà, á bomi paná àwọ̀ ewéko díẹ̀, á fa pupa jáde, á sì jẹ́ kí etí àwòrán ṣú, kí ojú lè lọ síbi tó yẹ. Kò fi ewé kan ṣoṣo kún un rí.

Nígbà ìwọ́wé ọdún kẹfà, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìdíje fọ́tò ní ìlú Ráṣìtì. Nígbà tí òun àti Nosiráàtì débẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́, àyè tirẹ̀ lára ògiri ṣófo. Wọ́n ti sọ àwòrán rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ìdíje fọ́tò nìyí," ni Ọ̀gbẹ́ni Kiyáfáà, olórí àwọn adájọ́, wí. "Ọ̀dà lẹ fi kun èyí."

"Èmi? Ìlẹ̀kùn ilé mi gan-an, ẹlòmíì ló bá mi kùn ún."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Nosiráàtì ti ń so ìborùn rẹ̀ le fún ìjà. Tubá dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó so kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣí àwòrán náà bó ṣe jáde látinú rẹ̀. Ó ṣì bàìbàì bí omi ìfọṣọ.

Adájọ́ nàka sí i. "Ṣé ẹ rí i? Pupa yẹn dà?"

"Ẹ jókòó tì mí, ọ̀gá."

Tubá kọjú sí kọ̀ǹpútà náà. Ó dín ìmọ́lẹ̀ kù níhìn-ín, ó fi kún un lọ́hùn-ún. Pupa tó sá pamọ́ sábẹ́ kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, igbó ti tàn lójú gbogbo wọn, bíi ti inú àwòrán tí wọ́n sọ kalẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kiyáfáà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Mo jẹ̀bi, màmá. Ẹ forí jì mí." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé àwòrán náà padà kọ́ sára ògiri.

Ipò kìíní ni wọ́n fún un. Nosiráàtì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ràn mọ́: "Àbúrò mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ béèyàn ṣe ń wo igi!"

"Irọ́ gbáà!" ni Tubá ń wí, omijé ẹ̀rín sì ń dà lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí obìnrin mọ́kànlá láti ilé-iṣẹ́ tíì fi wá bá a, wọ́n ní kó kọ́ àwọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta nínú wọn wà lára ògiri ní Ráṣìtì.