Ẹja Wúrà Abẹ́ Afárá

Òórùn bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn ní kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Benson, n'Ìkòròdú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti eruku tó ń gbóná lára kọ̀ǹpútà. Ìwọ náà á rántí irú kàfé bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà ní kọ̀rọ̀, odindi ayé kan ló wà nínú rẹ̀: géèmù kan tí àwọn tó ṣe é ti pa tì, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè wá jókòó tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ kọ fúnra wọn. Mo wa iṣẹ́ ọwọ́ wọn jáde díẹ̀díẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń tò ó, mo sì so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ti Ẹ̀pẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni, bàbá rẹ̀ kò sì tíì pẹ́ tó kú. Ogun jíjà inú géèmù kò kàn án. Ẹja ló ń pa nínú rẹ̀, lábẹ́ afárá kan níbi tí odò kékeré ti wọ inú ńlá. "Bàbá mi ní ibi tí omi méjì bá ti pàdé lẹja ń jẹun," ló máa ń wí. Ẹja wúrà ló ń wá, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí pa. Èmi mọ̀ pé géèmù náà kò mọ omi méjì: nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń pín ẹja wúrà bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, bákan náà ló rí nínú gbogbo odò, ó sì kéré gan-an.

Lọ́jọ́ tó ní ó ti sú òun, bóyá òun ò ní wá mọ́, àyà mi já. Mo tẹ àṣẹ kan lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì fi ẹja náà sẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀. Igbe tó ké!

"Mo ní bàbá mi ò purọ́!"

Ni gbogbo kàfé bá wọ́ lọ sábẹ́ afárá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹja wúrà ò yọjú, wọ́n sì dájú sọ ọ̀rẹ́ mi.

"Ará Ẹ̀pẹ́, o ṣe wá o! Àbí ojú àlá lo ti pa tìẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ pe bàbá ẹ̀ kó wá fi ibẹ̀ hàn wá."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lò ń tọ́jú ẹ̀. Sọ fún wọn. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Kì í ṣe irọ́," ni mo wí. Bó ṣe lọ tán, mo kọ òfin tuntun sínú géèmù náà, pé abẹ́ afárá ni kí ẹja wúrà ti máa jáde. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bú u jù ló kọ́kọ́ pa á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ mi lórí sìmẹ́ǹtì: "Bàbá apẹja, ẹ má bínú." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú.

"O ṣeun tó o jẹ́rìí mi."

Kàfé náà ti kógbá sílé tipẹ́, géèmù náà sì bá a lọ. Nígbà tí mo lọ kí i l'Ẹ̀pẹ́ láìpẹ́ yìí, ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọgbọ́n bàbá òun ṣe ṣiṣẹ́ kódà nínú ẹ̀rọ. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀ ni pé mo fún un ní ẹja tí kò pa. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀sà, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, àwọn apẹja ti ń tipa rẹ̀ jẹun kí a tó bí wa; kò nílò ìrànlọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ní mo ń gbèjà rẹ̀ ni mo fi irọ́ tì í lẹ́yìn, irọ́ náà sì ni àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń gbọ́.