Ohun Tí Alàgbà Ọlábímtán Gbọ́ Nínú Orúkọ Bwari

Ọlọ́run fún oríṣìíríṣìí èèyàn ní oríṣìíríṣìí ẹ̀bùn. Àwọn kan lè kọrin, àwọn kan lè kọ́ni, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àga ni wọ́n mọ̀ ọ́n tò nínú ìjọ, wọn kì í sì í ráhùn. Ní ti Alàgbà Ayọ̀túndé Ọlábímtán, ẹ̀bùn tirẹ̀ ni pé ó lè gbọ́ ohùn Ọlọ́run nínú orúkọ àdúgbò. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú ẹ̀bùn yìí ní gbogbo Abuja. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìlaró ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé e láti Èkó wá sí Abuja, kò sì tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tí ẹ̀bùn náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Festus, tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, bá a wá ilé kan sí Kubwa, ilé tó dáa, tí omi ń yọ níbẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù. Alàgbà ní kí Festus rọra tún orúkọ àdúgbò náà pè.

"Kubwa," ni Festus wí.

"Ikú, bù wá," ni Alàgbà dáhùn. "O ò gbọ́ ọ ni? Ikú gan-an ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀hún."

"Ọ̀gá mi, èdè àwọn onílẹ̀ ni. Ta ló ń sọ Yorùbá níbẹ̀?"

"Ẹ̀mí ń sọ gbogbo èdè, Festus."

Festus fúnra rẹ̀ ló wá gba ilé náà. Ó ń gbé ibẹ̀ títí di òní, ó sanra, ó bí ìbejì sí i, ikú kò sì tíì bu nǹkan kan níbẹ̀.

Kuje náà kò yege, nítorí "kú" tún wà níwájú rẹ̀, "jẹ" sì tẹ̀ lé e, tí í ṣe ẹ̀rí tó pé. Jikwoyi ló wá yege. "Jí, kí o yí," ni Alàgbà gbọ́ níbẹ̀: jí lójú oorun ẹ̀ṣẹ̀, kí o yí padà. Ó dúpẹ́, ó san owó ilé. Ohun tí Ẹ̀mí kò sọ fún un, tí awakọ̀ èyíkéyìí ìbá sì ti sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ni pé ẹni tó bá ń gbé Jikwoyi, tó ń ṣiṣẹ́ láàrin ìlú, Kugbo ni yóò máa gbà kọjá láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dá wọn dúró ní Kugbo, Alàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀ rẹ̀ láti táyà dé òrùlé. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá á rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, wọ́n á sáré wá síbi fèrèsé, wọ́n á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Modúpẹ́, kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní àjọ ìjọba kan lòun náà, iṣẹ́ títẹ ìwé ló ń ṣe níbẹ̀, obìnrin tí kì í pariwo. Ọ̀nà tó ń gbà bá Ọlọ́run rìn kò ṣeé jẹ́rìí lé lórí nínú ìjọ rárá. Láàárọ̀, kó tó gbé omi kaná, á jókòó ti Ìwé Mímọ́, á ka orí kan. Bí kò bá yé e, á tún un kà lọ́jọ́ kejì. Ìwé wòlíì kan ṣoṣo lè gbà á ní oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, á gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tí ẹni tó wà ní yàrá kejì kò lè gbọ́, á sì dìde lọ síbi iṣẹ́. Kì í lá àlá, kì í rí ìran. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe ọkọ rẹ̀, ó sì máa ń gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run là á lójú.

Ó ti pẹ́ tó ti ń wu Modúpẹ́ láti di amòfin. Nígbà tó rí àyè ní yunifásítì ní Gwagwalada, ó ń kàwé, ó ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Orúkọ ìlú náà ló kó o yọ. "Gbà! Gbà! Là!" ni Alàgbà gbọ́, ó sì fò sókè nínú yàrá. "Da" tó gbẹ̀yìn orúkọ náà ni kò rí ibi fi sí, ló bá fi í sílẹ̀. Modúpẹ́ kàwé yege. Ó wá ku ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ lọ lo àkókò tirẹ̀. Wọ́n sì ní Bwari ni kó wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀run ti dákẹ́.

Alàgbà pe orúkọ náà títí. Ó gbààwẹ̀ lé e lórí. Ó pè é nígbà tí ebi ń pa á, ó pè é nígbà tó yó, Bwari kò sọ nǹkan kan. "Ṣe sùúrù ná," ló ń wí fún ìyàwó rẹ̀, "mo ṣì ń dúró de Olúwa." Modúpẹ́ ṣe sùúrù. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá, ọdún náà sì bá a lọ. Modúpẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń tẹ ìwé nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ kàwé ń di lọ́yà.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, tí í ṣe 2019, wọ́n tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀run kò dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alàgbà jáde láti yàrá pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n rán wá túfọ̀.

"Màmá Ànú, mo ti gbọ́ ọ o. 'Bú wa rí.' Ibẹ̀ ti bú wa rí. Báwo la ṣe fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti bú wa?"

Modúpẹ́ ń bẹ iṣu lọ́wọ́. "Ta ló bú wa, Bàbá Ànú? A ò débẹ̀ rí."

"Nínú ẹ̀mí ni."

"Nínú ẹ̀mí ọ̀hún, ta ló bú wa?"

"Wò ó, má fi òfin bá mi sọ̀rọ̀. O ò tíì di lọ́yà."

"Ohun témi náà ń sọ nìyẹn," ni Modúpẹ́ wí, ó sì ń bá iṣu rẹ̀ lọ.

Ànú, ọmọ wọn obìnrin, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níléèwé girama, gbé ojú sókè lórí fóònù. "Dádì, ṣé Yorùbá ni Bwari?"

"Yorùbá tìẹ gan-an kò tíì dán mọ́rán, o wá ń yẹ tèmi wò."

Ní Sátidé, Modúpẹ́ ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ bá Pásítọ̀. Pásítọ̀ Olúṣèyí kò tíì pẹ́ ní ìjọ wọn ní Jikwoyi, ẹ̀ka ìjọ tó wà ní Kubwa ni wọ́n ti gbé e wá, Alàgbà sì ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjọ. Alàgbà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bwari láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pásítọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Bàbá, ṣé ẹ ti yẹ Ìwé Mímọ́ wò lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Pásítọ̀. Kò sí Bwari níbẹ̀."

"Kubwa náà kò sí níbẹ̀, sà. Mo sì pẹ́ níbẹ̀, mi ò kú."

"Àánú Ọlọ́run ni," ni Alàgbà wí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

Pásítọ̀ yíjú sí Modúpẹ́. "Ẹ̀yin ńkọ́, Mà? Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà. Ara mi ni mò ń bi léèrè. Mo ní, ṣé ohun tí mo fẹ́ yìí ta ko ohun tí mò ń kà nínú Ìwé Mímọ́? Mi ò rí i pé ó ta kò ó. Mo ní, ta ni yóò ṣe láǹfààní? Mo rántí àwọn opó tó máa ń wá sí ọ́fíìsì wa, tí wọn kì í rí ẹni bá wọn sọ̀rọ̀. Mo tún ní, àbí mo kàn fẹ́ káwọn èèyàn máa pè mí ní Lọ́yà ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyẹn wà níbẹ̀, sà. Mi ò ní purọ́. Mò ń gbàdúrà sí i lọ́wọ́."

Alàgbà wò ó bí ẹni pé àlejò ló jókòó ti òun. "O ò sọ gbogbo èyí fún mi."

"Ẹ ò bi mí, Bàbá Ànú. Bwari lẹ ń bi."

Pásítọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, mi ò ní sọ pé Ọlọ́run kì í bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ ní ká máa dán ohun tí a bá gbọ́ wò, kò sì yọ tiwa sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ìlú sílẹ̀ ná, kí ẹ bi ara yín bí ìyàwó yín ṣe bi ara wọn. Ẹ̀rù kí ló ń bà yín?"

"Èmi? Ẹ̀rù ò bà mí o."

"Ó dáa, sà."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, Modúpẹ́ kò tètè wọlé. "Bàbá Ànú, mo dúró lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa lọ. Ó wù mí kẹ́ ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó lọ, ó wù mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ní ọ̀rọ̀ í bá mi sọ, Modúpẹ́ lorúkọ mi, ó mọ̀ ọ́n. Kò nílò àtigba Bwari kọjá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Ó pe Bwari lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè Pásítọ̀ ló dáhùn. Ó tún un pè, ìbéèrè náà tún dé. Níkẹyìn ó dákẹ́, èyí tí kò ṣe rí nínú àdúrà, nítorí ó ti gbà tipẹ́ pé ẹni tó bá dákẹ́ ti sùn lọ nìyẹn. Inú ìdákẹ́jẹ́ náà ló ti rí i kedere: ọjọ́ ọdún ìkórè, ẹni tó ń kéde mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó ń pe Lọ́yà Ọlábímtán àti ọkọ wọn. Àti ọkọ wọn. Ibi tó ti ń dun Alàgbà nìyẹn. Ó sì rí i pé ó ti ń dùn ún kí wọ́n tó dárúkọ Bwari fún òun rárá.

Ohùn yìí kò jọ èyí tó máa ń gbọ́. Kò ní ewì nínú, kò sì yin ẹni tó ń gbọ́ ọ. Alàgbà kọ́kọ́ rò pé Sàtánì ni. Ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, kò lọ. Ó tún fi bò ó, ó ń ṣe kedere sí i ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Modúpẹ́ gbé àpótí rẹ̀ jáde síta, ó fẹ́ lọ wá ọkọ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀ ni?"

"Wọlé, jọ̀ọ́. Bí a bá pẹ́, Kugbo máa dí pa."

Wọ́n gba Kugbo kọjá. Ètè Alàgbà mì díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí àdúrà náà jáde. Wọ́n já sí ojú ọ̀nà Kubwa. Alàgbà ń wo apá òsì, ó ń wo apá ọ̀tún. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì níbẹ̀, pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń lọ síléèwé. Wọ́n dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ náà lábẹ́ àwọn òkè Bwari.

Ó bá a sọ àpótí kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó la ẹnu, gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tó máa ń lò lórí pẹpẹ sì fi í sílẹ̀ lọ.

"Olúwa," ló wí nígbà tó ṣe, "ìlara ló ń ṣe mí. Má jẹ́ kó dí i lọ́wọ́."

Modúpẹ́ ṣe àmín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé àpótí rẹ̀, ẹ̀rín sì tún padà sẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Ànú, kí wá ni ìtumọ̀ Bwari?"

"Mi ò mọ̀," ni Alàgbà Ọlábímtán wí.

"Ẹ kú ìtẹ̀síwájú o," ni Modúpẹ́ wí, ó sì gba ẹnu géètì wọlé.